OJÚ LỌ̀RỌ̀ WÀ: ÀYẸ̀WÒ FÍÌMÙ 'THE KING OF KINGS' (1927)

Ìfáàrà

Ẹni tó bá fẹ́ pa àlọ́ tí gbogbo agbo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni ó gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọdé tó jókòó yí i ká ti mọ ibi tí Ìjàpá yóò ti ṣubú. Wọ́n ti mọ orin inú àlọ́ náà, bí apàlọ́ bá sì ṣì í kọ, wọn yóò tún un kọ fún un. Kí ni ó wá kù tí apàlọ́ lè pè ní tirẹ̀? Ọ̀nà tí ó gbà pa á ni ó kù: ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi hàn wá, ohun tí ó fi kún un, àti ẹni tí ó di ẹ̀bi rù nígbà tí ìtàn bá parí.

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi yẹ fíìmù kan wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Orúkọ fíìmù náà ni The King of Kings, èyí tí í ṣe 'Ọba Àwọn Ọba' ní èdè wa. Cecil B. DeMille ni ó darí rẹ̀ ní Hollywood ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Jeanie MacPherson ni ó kọ ìwé eré rẹ̀, ọdún 1927 ni ó sì jáde. Ìgbésí ayé Jésù ni ó dá lé. Ṣàṣà ni òǹwòran tó wọ ilé sinimá lọ wò ó nígbà náà tí kò mọ bí ìtàn náà yóò ṣe parí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú fíìmù àwọn Amẹ́ríkà. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní ọdún 1944, ìtàn Ọgbà Édẹ́nì ni ó fi ṣe é, ìjọ ni ó sì ṣe é fún. Láti inú ilé ìsìn ni ọ̀pọ̀ nínú eré orí ìtàgé wa ti gbèrú. Ìṣòro tí DeMille bá pàdé ni gbogbo ẹni tó bá ń sọ ìtàn àjogúnbá di eré yóò bá pàdé: báwo ni a ṣe lè gbé ìtàn mímọ́ sójú agbo tí a kò fi ní tàbùkù rẹ̀, tí a kò sì ní fi pa ẹlòmíràn lára?

Èrò wa ni pé DeMille yege nínú apá kìn-ín-ní ìbéèrè yìí. Ó rí ọ̀nà tó dára gan-an láti fi ojú Jésù hàn. Ṣùgbọ́n nínú apá kejì, níbi tí ó ti ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ tán. A óò gbìyànjú láti fi ìdí èrò yìí múlẹ̀ láti inú fíìmù náà fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ṣe fíìmù náà àti ìṣòro tó bá a

Ọdún 1881 ni wọ́n bí Cecil Blount DeMille ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Bàbá rẹ̀, Henry, jẹ́ òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, ó sì tún máa ń ka Ìwé Mímọ́ nínú ìjọ. Àṣà bàbá yìí ni láti máa ka Bíbélì sétí àwọn ọmọ rẹ̀ ní alẹ́. Ìyá rẹ̀, Beatrice, ní tirẹ̀, inú ìdílé Júù ni wọ́n ti bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di onígbàgbọ́. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ ìyá yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà bá a níwájú. Ní 1923, DeMille ti fi ìtàn Mósè ṣe fíìmù The Ten Commandments, èyí sì ti sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀ mọ fíìmù ìtàn Bíbélì.

DeMille kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ìtàn Jésù ṣe fíìmù. Ilé-iṣẹ́ Pathé ti ṣe tiwọn ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 1903. Ní 1912, Sidney Olcott kó àwọn òṣèré rẹ̀ lọ sí Íjíbítì àti Palẹsítínì láti lọ ya From the Manger to the Cross, ìyẹn 'Láti Ibùjẹ Ẹran dé Orí Àgbélébùú'. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1913, òfin méjì péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: kí fíìmù má fi ìhòòhò hàn, kí òṣèré kankan má sì ṣe bí Kristi. Ní 1925, nígbà tí wọ́n ṣe Ben-Hur ní Hollywood, apá àti ọwọ́ Jésù nìkan ni àwọn òǹwòran rí. Ojú rẹ̀ kò hàn rárá.

Irú nǹkan báyìí kò lè ṣàjèjì sí àwa tí a mọ̀ pé ìbòjú adé ní í bo ojú ọba. Ohun tó bá ga, a kì í déédéé tẹjú mọ́ ọn. Ìṣòro tó wà níwájú DeMille gan-an nìyí. Ó fẹ́ ṣí ìbòjú náà. Báwo ni yóò ṣe ṣí i tí kò fi ní di àrífín?

Ìpalẹ̀mọ́ tí ó ṣe pọ̀. Ó pe Daniel Lord, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó jẹ́ Jesuit, láti máa gbà á nímọ̀ràn. Àlùfáà yìí kan náà ni ó wá lọ́wọ́ sí kíkọ òfin ìwà rere tí àwọn onífíìmù Hollywood gbà ní 1930. H. B. Warner, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe Jésù. Ó ti tó ẹni nǹkan bí àádọ́ta ọdún nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ìwé Lúùkù sọ pé Jésù tó bí ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Joseph Schildkraut ni ó ṣe Júdásì, Ernest Torrence ṣe Pétérù, Dorothy Cumming ṣe Màríà ìyá Jésù, Jacqueline Logan ṣe Màríà Magidalénì, Victor Varconi sì ṣe Pílátù. Rudolph Schildkraut, bàbá Joseph, ni ó ṣe Káyáfà olórí àlùfáà. Bàbá àti ọmọ ni ó ṣe àwọn méjì tí ẹ̀bi ìtàn náà wọ̀ lọ́rùn jù lọ, Júù sì ni àwọn méjèèjì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1926 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya fíìmù náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 1927. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ọdún kan náà, òun ni wọ́n fi ṣí ilé sinimá tí à ń pè ní Grauman's Chinese Theatre ní Hollywood. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ yìí gùn tó ìṣẹ́jú 155. Ní 1928, wọ́n gé e kù sí ìṣẹ́jú 112, wọ́n sì fi orin àti ariwo sí i. Sinimá tí kò sọ̀rọ̀ ni. Ojú àwòrán ni a ti ń ka ohun tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń sọ, nínú gbólóhùn kéékèèké tí a óò máa pè ní àkọlé nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Bí àhunpọ̀ ìtàn náà ṣe lọ

Ẹni tó bá retí pé ìtàn yóò bẹ̀rẹ̀ láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, níbi ìbùjẹ ẹran, yóò tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ilé àsè Màríà Magidalénì ni DeMille ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ọlọ́lá ni ó fi í ṣe, tí àwọn ọkùnrin yí ká, tí oúnjẹ àti ọtí kún iwájú rẹ̀. Inú ń bí i nítorí pé Júdásì, àyànfẹ́ rẹ̀, kò wá sí ibi àsè. Wọ́n ní ó ń tẹ̀ lé káfíńtà kan láti Násárẹ́tì kiri. Ni obìnrin náà bá gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí àwọn ẹranko abilà bí ẹṣin ń fà, ó ní òun yóò lọ gba ọkùnrin òun padà.

Ibi tí ó lọ gan-an ni a óò ti rí Jésù. Láti ibẹ̀, ìtàn gba ojú ọ̀nà tí a mọ̀: ìwòsàn, àjíǹde Lásárù, obìnrin tí a mú nínú àgbèrè, lílé àwọn oníṣòwò kúrò nínú tẹ́ńpìlì, oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, Gẹtisémánè, ìdájọ́ níwájú Pílátù, àgbélébùú, àti àjíǹde. Ìlà kan tí DeMille fà gba inú gbogbo rẹ̀ ni ìfẹ́ ipò tó wà lọ́kàn Júdásì. Júdásì tẹ̀ lé Jésù nítorí ó gbà pé yóò di ọba, pé òun náà yóò sì di ìjòyè ńlá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Jésù kọ adé tí àwọn ènìyàn fẹ́ fi jẹ ẹ́, ọkàn Júdásì fọ́, ó sì tà á.

Ojú ọmọ afọ́jú

Ibi tí a ti kọ́kọ́ rí Jésù ni a kà sí ògo fíìmù yìí. Ogunlọ́gọ̀ dúró síta ilé kan. A kò rí ẹni tó wà nínú ilé. Ohun tí a ń rí ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Máàkù, tó ti yarọ tẹ́lẹ̀, ni ó jáde tó ń fò, tó sọ ọ̀pá rẹ̀ nù. Ọmọ yìí ni ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ojú rẹ̀ fọ́, ó sì mú un wọlé. Màríà ìyá Jésù gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di ìgbà yìí, a kò tíì rí ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wá.

Ojú àwòrán wá ṣókùnkùn. Òkùnkùn náà kì í ṣe òkùnkùn yàrá. Ojú ọmọ náà gan-an ni DeMille fi wá sí. A di afọ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Láàárín ìmọ́lẹ̀ náà ni ojú ènìyàn kan ti hàn, tí ó tẹ̀ síwájú, tí ó ń wò wá. Ojú Jésù nìyẹn. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà rí láyé, òun náà sì ni a rí.

A fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ohun mẹ́ta níbí. Èkíní ni ìdádúró. A ti gbọ́ nípa Jésù lẹ́nu àwọn aláàsè, a ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lára Máàkù, a ti rí ìyá rẹ̀, kí a tó rí òun gan-an. Bí ìlù àti oríkì ṣe ń ṣíwájú ọba kí ọba tó yọ sójúde ni èyí rí. Bí Jésù bá yọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òṣèré kan tó wọ aṣọ funfun ni à bá rí. Nígbà tí a ti dúró dè é tó bẹ́ẹ̀, a kò ráyè wo òṣèré mọ́.

Èkejì ni ẹni tó ni ojú tí a fi wò ó. DeMille ìbá ti fi ojú akọ̀wé Farisí hàn wá, ẹni tó wá dán Jésù wò. Ó ìbá ti fi ojú Magidalénì hàn wá, ẹni tó wá bínú. Ọmọdé tó jẹ́ aláìní ni ó yàn. Ẹni tó wò láti ṣe òfíntótó lè rí Jésù fín, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tó fi wo olóore rẹ̀, ọwọ́ olóore náà ni ó ti gbà á. Báyìí ni DeMille ṣe ṣí ìbòjú tí kò fi di àrífín.

Ẹ̀kẹta ni ìṣesí Warner fúnra rẹ̀. Àwọn òṣèré sinimá tí kò sọ̀rọ̀ máa ń ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀ kí òǹwòran lè mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, Júdásì àti Magidalénì inú fíìmù yìí sì ṣe é dáadáa. Warner ní tirẹ̀ kì í yára mira. Ojú ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Magidalénì dé pẹ̀lú ìbínú rẹ̀, wíwò ni ó wò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ méje tó wà lára obìnrin náà sì jáde bí òjìji méje, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń tan án, títí wọ́n fi pòórá. Nígbà tí ara obìnrin náà balẹ̀, ó fa aṣọ bo ara rẹ̀. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú fíìmù tí kò ní ohùn, òtítọ́ òwe yìí fara hàn kedere.

Àwọ̀ àti àkọlé

Ọ̀nà ọnà mìíràn tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà ni àwọ̀. Dúdú àti funfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ibi méjì ni àwọ̀ mèremère ti wọlé: ibi àsè Magidalénì ní ìbẹ̀rẹ̀, àti òwúrọ̀ àjíǹde ní ìparí. Láàárín méjèèjì, ayé ṣú. Bí a bá fi ibi méjèèjì wé ara wọn, a óò rí i pé ìtumọ̀ wà níbẹ̀. Àwọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti afẹ́ ayé, èyí tí owó lè rà. Àwọ̀ kejì jẹ́ ti ìyè, kò sì sí ẹni tó lè rà á. Òǹwòran tó ti gbádùn àkọ́kọ́ ní láti la òkùnkùn gígùn kọjá kí ó tó rí èkejì. Àwọn kan bá DeMille wí pé ó fi àsè ẹlẹ́ṣẹ̀ fa àwọn ènìyàn wọlé sí ilé sinimá. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé oníṣòwò ni. Ṣùgbọ́n ìṣètò àwọ̀ yìí fi hàn pé ó mọ ibi tí ó ń mú wọn lọ.

Ní ti àkọlé, púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì gan-an, tí orí àti ẹsẹ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà nínú èyí, ewu kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó fi àṣẹ sí ìtàn náà lẹ́nu, ó sì mú kí ó rọrùn láti yí i sí èdè mìíràn, èyí tó jẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì lè gbé e káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ewu rẹ̀ ni pé òǹwòran tó bá rí orí àti ẹsẹ lábẹ́ àkọlé kan lè rò pé gbogbo ohun tó kù náà ní orí àti ẹsẹ tirẹ̀.

Ohun tí a fi kún un

Kò sí ẹni tó lè fi ìwé Ìhìnrere ṣe eré láìfi nǹkan kan kún un. Àwọn òǹkọ̀wé Ìhìnrere kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àlàfo sì pọ̀ nínú ìtàn wọn. Ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ni irú àfikún tó jẹ́.

Àwọn kan wà tó dùn mọ́ni nínú. Ọmọbìnrin kékeré kan gbé ọmọláńgidi rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wá, nítorí ó gbọ́ pé Jésù máa ń wo ẹsẹ̀ sàn. Jésù, tó jẹ́ káfíńtà, jókòó ó sì tún ẹsẹ̀ ọmọláńgidi náà ṣe. Níbòmíràn, ó bá igi kan nínú ilé iṣẹ́ káfíńtà, ó ń fi ọwọ́ iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n lára ṣe é, kí ó tó hàn sí i pé àgbélébùú ni igi náà. Nínú ìtàn obìnrin tí a mú nínú àgbèrè, ìwé Jòhánù sọ pé Jésù kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó kọ. DeMille ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó mú obìnrin náà wá ni ó kọ, tí oníkálukú rí tirẹ̀, tó sì ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àfikún ni gbogbo ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kò di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí. Ohun tó ti wà nínú ìtàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n túbọ̀ tàn ìmọ́lẹ̀ sí.

Ti Magidalénì yàtọ̀. Ohun tí ìwé Lúùkù sọ nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀mí èṣù méje jáde kúrò lára rẹ̀, ó sì wà lára àwọn obìnrin tó ń fi ohun ìní wọn ran Jésù lọ́wọ́. Kò sí ibi kankan tí a ti pè é ní aṣẹ́wó. Póòpù Gregory Kìn-ín-ní ni ó pa á pọ̀ mọ́ obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ inú Lúùkù orí keje nínú ìwàásù kan ní ọdún 591, láti ìgbà náà sì ni orúkọ burúkú ti mọ́ ọn lára ní Ìwọ̀-Oòrùn ayé. Ìjọ Àgùdà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú kàlẹ́ńdà ìjọsìn wọn ní 1969. Nígbà tí DeMille sọ ọ́ di olólùfẹ́ Júdásì, ó kàn fi aṣọ olówó iyebíye wọ irọ́ àtijọ́ ni. Obìnrin tí Ìhìnrere Jòhánù sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ rí Jésù lẹ́yìn àjíǹde ni a wá mọ̀ mọ ohun tí kò ṣe.

Ta ni yóò di ẹ̀bi rù?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi ìtàn ikú Jésù ṣe ìdí tí wọ́n fi ń lu àwọn Júù, tí wọ́n ń lé wọn kúrò nílùú, tí wọ́n sì ń pa wọ́n. Ẹsẹ tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni Mátíù 27:25, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti gba ẹ̀jẹ̀ náà sórí ara wọn àti sórí àwọn ọmọ wọn.

DeMille mọ̀ pé iná ni ó wà lọ́wọ́ òun. Nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ó gba ọ̀rọ̀ yìí kúrò lẹ́nu ogunlọ́gọ̀, ó fi sí Káyáfà lẹ́nu: kí ẹ̀bi náà wà lórí òun nìkan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí aṣọ ìkélé tẹ́ńpìlì sì ya, Káyáfà bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ṣe fìyà jẹ àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì, nítorí òun nìkan ni ó jẹ̀bi. Àkọlé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tún ṣàlàyé pé abẹ́ Róòmù ni àwọn Júù wà, àti pé Róòmù ni ó ń yan olórí àlùfáà wọn. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ó jọ pé ohun tí DeMille fẹ́ ṣe nìyẹn: kí a gé ìka kan, kí a fi ọwọ́ sílẹ̀.

Ṣé ó ṣe é? Lójú tiwa, ìdajì ni ó ṣe. Káyáfà tó wà nínú fíìmù náà, owó tẹ́ńpìlì ni ó ká a lára jù. Owó ni ó ń fún àwọn ènìyàn kí wọ́n lè pariwo níwájú Pílátù. Àwòrán Júù olójúkòkòrò tí àwọn ọ̀tá wọn ti ń yà láti ayébáyé nìyẹn. Ẹnu àkọlé ń sọ pé ẹnì kan ni, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí ń sọ ohun mìíràn. Ní ìdà kejì, Pílátù ni a fi hàn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀, ìyà àwọn ará Róòmù ni kíkàn mọ́ àgbélébùú, ìwé Josephus òpìtàn Júù sì fi hàn pé ọlọ́wọ́ líle ni Pílátù, àti pé nítorí àwọn ará Samáríà tí ó pa ni wọ́n fi pè é padà sí Róòmù.

Àwọn Júù Amẹ́ríkà kò dákẹ́ nígbà tí fíìmù náà jáde. Ẹgbẹ́ wọn, B'nai B'rith, fi ẹ̀hónú hàn. Lẹ́yìn ìpàdé àti àríyànjiyàn, wọ́n gé àwọn ibì kan kúrò, wọ́n sì yí àwọn àkọlé kan padà. Ẹnìkan lè sọ pé ariwo wọn ti pọ̀ jù, pé fíìmù lásán ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde ni Hitler gba ìjọba ní Jámánì. A kò sọ pé fíìmù yìí ni ó fà á, nítorí èyí yóò jẹ́ àsọdùn. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tó fẹ̀hónú hàn mọ irú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, wọ́n sì mọ ibi tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè já sí. Ní ọdún 1965 ni ìjọ Àgùdà kéde níbi Ìpàdé Gbogbogbòò Vatican Kejì pé a kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀bi ikú Jésù lé gbogbo Júù ìgbà náà lórí láìyọ ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ di í lé Júù òde òní.

Rántí pé Júù ni ìyá DeMille, Júù ni ẹni tó ṣe Káyáfà, Júù ni ẹni tó ṣe Júdásì. Jésù pàápàá, Júù ni. Èyí kọ́ wa pé ọkàn rere nìkan kò tó fún ẹni tó ń sọ ìtàn. Èèyàn lè nífẹ̀ẹ́ ẹnì kan kí ó sì fi ìtàn pa á lára, bí ó bá gba àwòrán tó bá nílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. A lè fi àlùmọ́gàjí gé fíìmù, ṣùgbọ́n a kò lè gé ohun tí òǹwòran ti gbé lọ sílé.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé nínú ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀, ibi méjì ni a ti lè mọ ọwọ́ olùsọ̀tàn: ojú tí ó fi ṣí ìtàn náà, àti ọrùn tí ó gbé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ní ti ojú, DeMille kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí kò gbó. Ó fi ọmọ afọ́jú ṣe amọ̀nà wa, ó sì mú wa rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rù láti fi hàn. Ní ti ọrùn, ó rí ewu náà, ó gbìyànjú láti yẹra fún un, ṣùgbọ́n kò yẹra tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná nìkan. Wọ́n ti fi ìtàn Jésù ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù láti ìgbà náà. Ọ̀kan nínú wọn, Jesus, tó jáde ní 1979, ni wọ́n ti sọ di èdè Yorùbá, tí àwọn ènìyàn wa sì ti wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ eré láti inú ìtàn àwọn ìlú wa lọ́dọọdún. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, a kì í ṣàìrí ìlú kan tí a ní ó dalẹ̀, ìdílé kan tí a ní ó ṣe àjẹ́, tàbí obìnrin kan tí a ní ó ba ayé ọkọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ ìlú náà àti ti ìdílé náà sì lè wà láàárín àwọn òǹwòran wa.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ irú eré bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì kí ó tó mú gègé: Ojú ta ni mo fẹ́ kí wọ́n fi wo ìtàn yìí? Ta ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀ lọ sílé, ṣé òun ni ó sì jẹ̀bi lóòótọ́?